Ọwọ́ Ta Ló Lè Dá Mọ́tò Dúró? Owó Ìyíde Ìrántí Ogun Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń kanlẹ̀kùn, irú ìròyìn kan wà tí kì í wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú kékeré kan á kéde pé òun kò ní lè ṣe ìyíde ìrántí àwọn tó bógun lọ lọ́dún yìí, tàbí pé àwọn èèyàn yóò kàn pàdé nídìí òkúta ìrántí, wọn kò ní yan gba àárín ìlú kọjá mọ́, nítorí pé owó tí wọ́n fẹ́ fi ti ọ̀nà pa ti ga jù. Ìròyìn náà kì í tíì tutù tí ìbínú fi máa ń gbòde. Àwọn kan á ní kánsù ti ya aláìmoore. Àwọn kan á ní ọlọ́pàá ti pa iṣẹ́ wọn tì. Àwọn mìíràn á bèèrè ohun tí ẹgbẹ́ aláàánú Royal British Legion ń fi òbítíbitì owó òdòdó pupa tí gbogbo èèyàn ń lẹ̀ mọ́ àyà ṣe.

Ìbínú náà yé mi. Àmọ́ mo rí i pé díẹ̀ nínú àwọn tó ń bínú ló mọ ohun tí owó ọ̀hún wà fún gan-an. Òdòdó kọ́ ló ń gbé e. Àwọn ọmọ Scout àtàwọn ajagunfẹ̀yìntì tó ń yan kì í gba kọ́bọ̀. Ọ̀nà ló ń jẹ owó.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ kan ṣoṣo: ọwọ́ ẹni tó dúró láàárín títì, tó na àtẹ́lẹwọ́ sí awakọ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹni náà bá jẹ́ ọlọ́pàá, awakọ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Abala 35 nínú òfin ìrìnnà ojú pópó ti ọdún 1988 ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì kọ̀ ti lùfin. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá jẹ́ bàbá ẹni àádọ́rin ọdún kan, tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè tó ń tàn yanran, tó ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì àdúgbò láti ọdún gbọ́ọrọ, ọwọ́ tirẹ̀ kò lágbára kankan lábẹ́ òfin. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ awakọ̀. Èyí tó bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ á dúró, èyí tí kò bá gbọ́ á yí sí apá ọ̀tún, á sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọdé tó ń yan. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, bàbá yìí àtàwọn tí wọ́n jọ ṣètò ìyíde wà lára àwọn tí wọ́n máa pè wá dáhùn.

Gbogbo owó tí wọ́n ń pariwo lé lórí, ohun tó ń rà ni agbára tí ọwọ́ bàbá yẹn kò ní.

Bí wọ́n ṣe ń rà á ni pé kánsù á fọwọ́ sí àṣẹ tó ti ọ̀nà pa fún wákàtí mélòó kan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin méjì ni kánsù sábà máa ń gùn lé. Èyí tó fà mí mọ́ra jù nínú méjèèjì ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́sàn-án ní ọdún 2025. Town Police Clauses Act ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1847 ni wọ́n ṣe é, nígbà tí ẹṣin àti kẹ̀kẹ́-ẹṣin ló kún ìgboro, tí kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ mọ́tò láyé. Abala 21 rẹ̀ fún kánsù láṣẹ láti pinnu ibi tí ẹṣin, kẹ̀kẹ́ àti èèyàn lè gbà nígbà tí ìyíde tàbí àjọyọ̀ bá ń lọ tí èrò sì fẹ́ dí títì. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní. Àwọn kánsù fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ìlànà rẹ̀ kúrú, kò sì béèrè pé kí wọ́n san owó ìkéde sínú ìwé ìròyìn. Òfin kejì jẹ́ ti ọdún 1984, tí wọ́n fi abala 16A kún lọ́dún 1994 nítorí àwọn ayẹyẹ ńláńlá. Ìlànà tiẹ̀ gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ: àṣẹ náà kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, wọn kò sì lè ti ọ̀nà kan náà pa lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan àyàfi bí mínísítà bá fọwọ́ sí i. Lọ́ńdọ̀nù ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, òfin ọdún 1839, tó gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ lé ọ̀gá ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Àmọ́ ìwé kì í dí ọ̀nà. Ẹ wo òpópónà àárín ìlú kékeré kan láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ìrántí. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí pátákó ti wà létí ọ̀nà tó ń kìlọ̀ fáwọn awakọ̀ pé wọ́n máa ti ibẹ̀ pa. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan á dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn òṣìṣẹ́ á máa sọ kóònù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé pátákó pupa dí ẹnu gbogbo àdúgbò tó já sí òpópónà náà, wọ́n á tún to pátákó aláwọ̀ ìyeyè tó ní ọfà dúdú sí ọ̀nà tí ọkọ̀ máa yà gbà kí bọ́ọ̀sì àtàwọn ẹlẹ́rù má bàa ṣìnà. Bí pátákó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, bí ó ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà síra tó, gbogbo rẹ̀ ló ti wà lákọsílẹ̀ nínú ìwé ìlànà ìjọba. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tò ó ti gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀, owó iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú sì ni wọ́n ń gbà. Kánsù tún lè béèrè ìwé adójútòfò tó tó mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn lọ́wọ́ àwọn olùṣètò. Ní agogo mọ́kànlá géérégé gbogbo ìlú á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Kí ó tó di ọ̀sán, kóònù ti padà sínú ọkọ̀. Fún ìrìn tí kò ju ààbọ̀ wákàtí lọ, owó lè wọ ẹgbẹ̀rún mélòó kan pọ́n-ùn, ó sì lè jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó fẹ́ san án kò ní ju ogún ọmọ ẹgbẹ́ lọ, tí púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ò rí báyìí tẹ́lẹ̀? Nítorí pé ọlọ́pàá ló ń dúró láàárín títì nígbà náà. Ọlọ́pàá mẹ́ta tàbí mẹ́rin á jáde láàárọ̀, wọ́n á nawọ́, mọ́tò á dúró, ìyíde á kọjá, kò sì sí ìwé owó kankan tó máa dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú owó oṣù wọn ni aráàlú ti ń san án láìmọ̀. Lẹ́yìn ọdún 2010 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí dín ìnáwó kù. Iye ọlọ́pàá tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales já wálẹ̀ láti nǹkan bíi 144,000 lọ́dún 2010 sí bíi 122,000 lọ́dún 2018. Àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ síta pé dídarí mọ́tò fún ayẹyẹ tí wọ́n ti mọ ọjọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ojúṣe àwọn, ti pàjáwìrì ni tàwọn. Lábẹ́ òfin, wọn kò purọ́. Kò sí òfin kankan tó gbé iṣẹ́ yẹn lé wọn lórí. Ojúure ni wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà pípẹ́. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 1996 tilẹ̀ gbà wọ́n láyè láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ àrà ọ̀tọ̀.

Ibi tí mo ti yapa sí wọn díẹ̀ nìyí. Láàárín ọdún 2019 sí 2023, ìjọba gba ọlọ́pàá tuntun tó pọ̀, iye wọn sì ti lé ní 147,000 nígbà tó fi di oṣù Kẹta ọdún 2023, ó ju ti 2010 lọ. Síbẹ̀ ọwọ́ yẹn kò padà sí títì bíi ti àtẹ̀yìnwá. Lójú tèmi, àìtó èèyàn nìkan kọ́ ló lé ọlọ́pàá kúrò láàárín títì. Ìbẹ̀rù ẹjọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọlọ́pàá tó dá mọ́tò dúró ti di alábòójútó ètò náà, bí nǹkan bá sì bàjẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Ọ̀nà àbáyọ kan tí wọ́n rí ni òfin ọdún 2002 tó gba ọ̀gá ọlọ́pàá láyè láti fún aráàlú tó gba ẹ̀kọ́ ní àṣẹ díẹ̀ lára agbára ọlọ́pàá, títí kan dídarí mọ́tò. Níbi tí wọ́n bá ti lò ó, bàbá oníjákẹ́ẹ̀tì wa lè na ọwọ́ tó ní òfin lẹ́yìn. Mi ò rí ìdí tí kò fi gbilẹ̀ ju bó ṣe wà lọ.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìwé òfin tó yẹ kí àwọn tó ń jiyàn wò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwọ́de nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí ṣáájú, abala 11 òfin ọdún 1986 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ ìyíde tó ti di àṣà àdúgbò kúrò nínú èyí. Ìyíde ìrántí wà lábẹ́ ààbò yẹn. Òfin mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí àṣà, àmọ́ kò yan ẹnikẹ́ni láti gbé ẹrù rẹ̀. Ó wá dà bí ọmọ tí gbogbo mọ̀lẹ́bí sọ lórúkọ lọ́jọ́ ìkómọ, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ owó ilé ìwé rẹ̀ sétí.

Ti owó òdòdó pupa ńkọ́? Ọdún 1921 ni wọ́n dá Legion sílẹ̀, ọdún yẹn náà sì ni wọ́n kọ́kọ́ ta òdòdó náà. Ó máa ń pa tó nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́dún. Ohun tí wọ́n sọ fún ẹni tó fi owó sínú kóló ni pé wọ́n máa fi ran ọmọ ogun, ajagunfẹ̀yìntì àti ẹbí wọn lọ́wọ́: ilé, ìtọ́jú, gbèsè, àárẹ̀ ọpọlọ. Ẹgbẹ́ aláàánú tó bá kó irú owó bẹ́ẹ̀ lọ san owó kóònù yóò jíyìn fún un. Ẹgbẹ́ náà ti sọ ọ́ léraléra pé ayẹyẹ ìlú ni ìyíde, ìlú ló ni ín. Mo gbà pẹ̀lú wọn pátápátá.

Àwọn kan tún ń di ẹ̀bi ru òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní Martyn's Law, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, tí wọ́n fi orúkọ ọ̀dọ́kùnrin kan tó kú nínú ìkọlù Manchester lọ́dún 2017 pè. Òfin náà dá lórí ilé àti ayẹyẹ tí wọ́n ti ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì tàbí àṣẹ ìwọlé wò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyíde tí ẹnikẹ́ni lè dúró létí ọ̀nà wò kò sí lára rẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn kánsù ni mọ́tò fúnra rẹ̀. Èèyàn 86 ni akẹ́rù kan pa ní Nice lálẹ́ àjọ̀dún orílẹ̀-èdè Faransé lọ́dún 2016. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, mọ́tò kan ya wọ àárín èrò tó ń yọ̀ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Liverpool, ó ṣe èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún léṣe. Lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé pé kóònù rọ́bà ti tó?

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìlú kéékèèké ló ń jà fún èyí, tí wọn kò kàn fi ayẹyẹ ńlá ti Whitehall ní Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ kó ṣojú gbogbo wọn? Ìdáhùn wà nínú ìpinnu kan tí ìjọba ṣe lọ́dún 1915: wọ́n fòfin de gbígbé òkú ọmọ ogun wálé. Olówó àti tálákà, ibi tí oníkálukú bá ṣubú sí ni wọ́n máa sin ín sí. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sí ilẹ̀ Faransé tàbí Gallipoli kò ní ibojì kankan tó lè lọ kúnlẹ̀ sí. Òkúta tí orúkọ ọmọ náà wà lára rẹ̀, ní ìkóríta tàbí lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, ló di ibojì. Ìdí nìyẹn tí àwọn òkúta àti àmì ìrántí ogun fi lé ní 90,000 káàkiri Ìlú Ọba, tí abúlé tí kò ní ju ọgọ́rùn-ún ilé lọ sì ní tirẹ̀. Àwọn tó ń yan lọ síbẹ̀, ìsìnkú tí ẹnikẹ́ni kò rí ṣe ni wọ́n ń ṣe.

Owó òkúta wọ̀nyí, láti àpò aráàlú ló ti sábà máa ń wá, ìlú dáwó jọ kọ́ wọn. Nígbà tó di ọdún 1923, wọ́n ṣe òfin kan tó gba kánsù láyè láti ná owó lórí títún wọn ṣe àti dídáàbò bò wọ́n. Lọ́dún 1948 wọ́n fẹ òfin náà kí wọ́n lè kọ orúkọ àwọn tó kú nínú ogun Hitler kún ti àkọ́kọ́. Ẹ kíyè sí i: òfin 1923 gba kánsù láyè, kò fi dandan lé e. Òkúta nìkan ló sì mẹ́nu bà. Rírìn lọ sídìí òkúta kò sí nínú rẹ̀, torí pé lọ́dún 1923 kò sẹ́ni tó rò pé rírìn lè gba owó.

Ìjà lórí owó irú ayẹyẹ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1919, ìjọba ní kí gbogbo ìlú ṣe Ọjọ́ Àlàáfíà. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ogun yan gba iwájú Cenotaph, òpó ìrántí ogun ní Whitehall ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ṣì jẹ́ ti pákó àti pílásítà nígbà náà, kí wọ́n tó fi òkúta tún un kọ́ lọ́dún 1920. Ní Luton, ìlú tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nítorí pápákọ̀ òfuurufú rẹ̀, kánsù ṣètò ìyíde, olórí ìlú Henry Impey sì ṣètò àsè ńlá fún àwọn èèkàn ìlú. Àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí púpọ̀ nínú wọn kò rí iṣẹ́, tí owó ìfẹ̀yìntì wọn kò tó nǹkan, bẹ kánsù kí wọ́n jẹ́ káwọn lo Wardown Park fún ìsìn ìrántí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó kú. Kánsù kọ̀. Ni wọ́n bá kẹ̀yìn sí ayẹyẹ náà. Lọ́jọ́ ìyíde, èrò ya bo gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n ń béèrè olórí ìlú. Nígbà tó di òru, wọ́n dáná sun gbọ̀ngàn náà. Wọ́n sọ òkúta lu àwọn panápaná tó fẹ́ pa iná náà. Gbọ̀ngàn jó kanlẹ̀, olórí ìlú sá kúrò nílùú, ó sì di ọdún 1936 kí wọ́n tó ṣí òmíràn.

Mo máa ń rántí Luton nígbàkígbà tí ẹnìkan bá sọ pé ẹni tó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń náwó ìrántí kò bọ̀wọ̀ fún òkú. Àwọn tó jà lójú ogun gan-an ló kọ́kọ́ béèrè.

Àwa náà lọ́rọ̀ sọ níbí, nítorí pé òkú tiwa wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, àjọ tó ń bójú tó ibojì àwọn ọmọ ogun Commonwealth gbé ìròyìn kan jáde tó jẹ́wọ́ pé, ó kéré tán, èèyàn 116,000, tó tilẹ̀ lè tó 350,000, tó kú fún ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, tàbí tí wọn kò tilẹ̀ rántí rárá. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì. Àwọn aláàárù tó ń ru ẹrù ogun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mínísítà ètò ààbò tọrọ àforíjì nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ja ogun yẹn ní Kamẹrúùnù àti ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Nínú ogun kejì, wọ́n lọ sí Bọ́mà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà lára wọn: ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ lọ́dún 1944, òun àti David Kargbo ọmọ Sàró sì fara pa mọ́ fún oṣù púpọ̀ lábẹ́ ààbò àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀, títí wọ́n fi rí wọn yọ. Ọdún 2012 ló papò dà. Àwọn ará Brixton ní Lọ́ńdọ̀nù wá ní òkúta ìrántí fún àwọn ọmọ ogun Áfíríkà àti Karibíánì ní Windrush Square báyìí, ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà ọdún 2017 ni wọ́n tó ṣí i. Owó ìjọba ti mọ ọ̀nà ibi kan, kò sì mọ ti ibòmíràn, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nílé ní Nàìjíríà, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá la ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé e sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí Philip Effiong tó ṣojú Biafra fọwọ́ sí òpin ogun abẹ́lé níwájú olórí ìjọba, Gowon, ní Dodan Barracks lọ́dún 1970. Gómìnà á fi òdòdó sílẹ̀, wọ́n á yìnbọn ẹ̀yẹ, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Títì á sì dí: sọ́jà àti ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń dí i, kò sí ẹni tó ń kọ ìwé owó kóònù sí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Epo, oúnjẹ, àga, aṣọ, owó ìrìnnà, ìkéde, gbogbo rẹ̀ fọ́n ká sínú ìṣúná oríṣiríṣi ọ́fíìsì, ó sì ṣòro fún aráàlú láti kó o jọ sójú kan. Èmi á fẹ́ kí gbogbo ìpínlẹ̀ kọ ọ́ sórí ìlà kan ṣoṣo nínú ìṣúná, kí wọ́n sì kọ iye tí wọ́n fún àwọn opó àti ajagunfẹ̀yìntì sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Àwọn ajagunfẹ̀yìntì ti gbé pátákó lọ síwájú ilé iṣẹ́ ètò ìṣúná ní Àbújá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Ó yẹ ká lè fi ìlà méjèèjì wéra. Òfin tó gbani láyè láti béèrè ìwé ìjọba ti wà láti ọdún 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti sọ ọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà.

Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èrò tèmi ni pé kánsù ìlú ni kó gbé owó ọ̀nà yìí, kó sì gbé e ní gbangba. Àwọn tó ń ṣàtakò rẹ̀ ní àwíjàre. Ìtọ́jú arúgbó àti ọmọdé ni òfin fi dandan lé àwọn kánsù ńlá lórí, ó sì ti fẹ́ fọ́ àpò wọn. Birmingham kéde lọ́dún 2023 pé owó òun kò ká ìnáwó mọ́. Ṣùgbọ́n kánsù kéékèèké ti ìlú àti abúlé kò ru irú ẹrù yẹn, òfin ọdún 1972 àti ti ọdún 2011 sì fún wọn láyè tó pọ̀ tó láti náwó lórí ohun tó bá ṣe ìlú láǹfààní. Bí a bá pín ẹgbẹ̀rún mẹ́ta pọ́n-ùn sórí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ilé, pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan ni lọ́dún. Ibi tí ìyẹn bá ti ṣòro, wọ́n lè gé ọ̀nà ìyíde kúrú, kó má kan títì tí bọ́ọ̀sì ń gbà, tàbí kí wọ́n fi orúkọ ènìyàn mẹ́rin ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá kí wọ́n lọ gba ẹ̀kọ́ àti àṣẹ ìdarí mọ́tò.

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ ìlú jẹ́ ni àkókò. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí wá owó ìyíde oṣù Kọkànlá, nígbà tí ìṣúná ọdún náà ti wà nílẹ̀ láti ìgbà òtútù tó kọjá. Nǹkan bí oṣù Kìíní ni kánsù ìlú máa ń pinnu iye tí yóò gbà nínú owó orí ilé, òfin ọdún 1960 sì ṣí ìpàdé rẹ̀ sílẹ̀ fún aráàlú. Ẹni tó bá fẹ́ kí àdúgbò òun yan, ibẹ̀ ni kó ti lọ jókòó, kó sì mú ohun mẹ́ta dání: àwòrán ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà, iye wákàtí tí wọ́n fẹ́ fi ti ọ̀nà náà pa, àti orúkọ àwọn tó máa dúró lẹ́nu àdúgbò kọ̀ọ̀kan.